Àpò Bàtà Ẹsẹ̀ Òsì

Nígbà tí a ń palẹ̀ yàrá Bàbá mọ́, a rí àpò ìrẹsì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn tí wọ́n fi okùn dì lẹ́nu pinpin. Bọ̀dá Ganíù, ọmọkùnrin àbígbẹ̀yìn wọn, rò pé ẹ̀wà ni. Wọ́n tú okùn náà, wọ́n da ohun tó wà nínú ẹ̀ sílẹ̀, bàtà ló ń yí jáde: sálúbàtà rọ́bà, kánfáàsì ọmọ iléèwé, bàtà awọ tó ti gbẹ bí ẹja pańla, bàtà obìnrin onígìgísẹ̀ gíga. Kò sí èyí tó ní ìkejì. Ti ẹsẹ̀ òsì ni gbogbo wọn.

Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí wọ́n ti wá. Gbogbo wa la mọ̀. Èmi náà rí tèmi níbẹ̀, sílípáàsì aláwọ̀ ewé tí mò ń wọ̀ lọ́dún tí mo bí Fáwàsì, ọmọ mi. Bọ̀dá Ganíù rí méjì tó jẹ́ tiwọn. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín bàtà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún mọ́ wọn lẹ́nu, wọ́n wá ní, "Bàbá yìí fìyà jẹ wá o, Rìsì. Wọ́n fìyà jẹ wá dáadáa."

Làsísì lorúkọ Bàbá, àwọn ló bí ìyá mi. Ní àdúgbò wa l'Ágége, Bàbá Sójà ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá. Wọ́n wọṣẹ́ ológun nígbà tí irùngbọ̀n wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, wọ́n ja ogun abẹ́lé, nígbà tí wọ́n sì kúrò níbẹ̀, wọ́n ṣọ́ géètì ilé-iṣẹ́ oníke kan l'Óregun títí wọ́n fi darúgbó. N ò ní kọ ìtàn ayé wọn tán síbí. Àwọn tó dàgbà jù mí lọ ló ni ìyẹn. Àpò bàtà yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, àti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí Ìyá Mùnírù, obìnrin kan ládùúgbò wa, fi gbogbo ayé wọn wá gbọ́ lẹ́nu Bàbá. "Forí jì mí" ni ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n kàn fẹ́ gbọ́ ọ kí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tó kú.

Báyìí ló ṣe máa ń rí nílé wa. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀, tí ẹnì kan bínú tó fẹ́ jáde, Bàbá kì í pariwo. Wọ́n á dìde, wọ́n á lọ síbi tí bàtà wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á mú ti ẹsẹ̀ òsì ẹni náà, wọ́n á fi há abíyá, wọ́n á padà wá jókòó. Ìwọ tó ń bínú á wá dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gé nǹkan lára ẹ̀. Ta ló fẹ́ wọ bàtà ẹsẹ̀ kan jáde l'Ágége kí àwọn ọmọ àdúgbò fi ṣe yẹ̀yẹ́? O máa padà wọlé ni, o máa jókòó, o máa rojọ́ tó ń bí ẹ nínú títí tó máa fi tán. Nígbà míì wọ́n á dá bàtà padà. Tí ọ̀rọ̀ ẹ ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, o ò ní rí i mọ́ láyé, o ò sì gbọ́dọ̀ wá a.

Kò sẹ́ni tí wọn ò lè gba tiẹ̀. Wọ́n gba ti ọkùnrin oníná tó wá já wáyà wa. Wọ́n gba ti àáfáà kan tó wá bá wọn parí ìjà. Bọ̀dá Ganíù wọ kánfáàsì ẹsẹ̀ kan lọ síléèwé, tíṣà nà wọ́n. Wọ́n délé, wọ́n ń sunkún, Bàbá bi wọ́n pé ṣé ẹsẹ̀ ni tíṣà nà ni àbí ìdí.

Ìyá àgbà, ìyàwó Bàbá, ló gbọ́n jù nínú wa. Abẹ́ ìrọ̀rí ni wọ́n máa ń fi sálúbàtà wọn sí sùn. Mo kéré gan-an nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo bi wọ́n pé ṣé eku ló ń jẹ bàtà ni. Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹni tó bá fẹ́ sójà," ni wọ́n wí, "kó mọ ibi tí bàtà òun wà."

Ẹsẹ̀ wa gan-an ò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Bàbá á jókòó lórí àpótí, wọ́n á gbé bàsíà omi gbígbóná oníyọ̀ síwájú, wọ́n á máa pe àwa ọmọ-ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan: "Gbé ẹsẹ̀ wá." Wọ́n á yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò bí ẹni ń yẹ iṣu wò lọ́jà. Wọ́n á la àwọn ọmọ ìka, wọ́n á gbóòórùn àárín wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á gbóòórùn ẹ̀. Tí wọ́n bá rí ẹ̀gún tàbí ojú egbò, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ títí omi á fi jáde, igbe lo máa ké. Ọwọ́ wọn le bí irin. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ṣe tán, wọ́n á fi òrí pa á, wọ́n á sì di ẹsẹ̀ náà mú fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ti gbàgbé pé ó yẹ kí àwọn fi sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan mo tẹ ìgò mọ́lẹ̀, mo fi pamọ́ nítorí pé mò ń bẹ̀rù omi oníyọ̀. Kí Bàbá tó rí i, ó ti wú. Wọ́n kọ́kọ́ nà mí ná. Kí wọ́n tó tọ́jú mi, wọ́n nà mí dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi lé orúnkún wọn, wọn ò wo ojú mi, wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ tó ń dùn ẹ́ tó o fi pamọ́ fún ọ̀gá ẹ, òun ló máa pa ẹ́."

Mo rò pé èmi ni wọ́n ń bá wí.

L'Óregun náà, àwọn èèyàn ò tíì gbàgbé wọn. Ọdún kan, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ nílùú, àwọn ọmọ ìta ń fọ́ ilé-iṣẹ́ kiri, wọ́n ń kó ẹrù. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn Bàbá lọ́sàn-án gangan. Àwọn ọ̀gá ti gba ẹ̀yìn sá lọ. Bàbá àti àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tí wọ́n jọ ń ṣọ́ géètì ló kù, kóńdó lásán ló sì wà lọ́wọ́ wọn. Sùlé, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ló sọ ọ́ fún mi.

"Bàbá ní ká bọ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì," Sùlé wí. "Mo rò pé àdúrà la fẹ́ ṣe."

Wọ́n gba àwọn bàtà náà, wọ́n tì wọ́n mọ́nú ilé géètì, wọ́n sọ kọ́kọ́rọ́ sápò. Ìgò fífọ́ àti ike tó ti yọ́ tó tún gan ló kún ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn wọn. Bàbá ní, "Ẹni tó bá fẹ́ sá, ọ̀nà nìyẹn." Wọ́n ní kí àwọn ọ̀dọ́ náà ti ọkọ̀ akẹ́rù tó wà níbẹ̀ dí géètì. Wọ́n wá gun orí ọkọ̀ náà lọ, níbi tí gbogbo òkò ti lè bà wọ́n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ fún àwọn tí kò sí níbẹ̀: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ má tíì jáde. Ẹ̀yin ti apá ọ̀tún, ẹ dúró dìgbà tí mo bá sọ̀rọ̀." Òkò là wọ́n lórí, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ ojú wọn, ohùn wọn ò yí padà. Ẹ̀rù ba àwọn ọmọ ìta náà. Wọ́n rò pé sójà ló kún inú ọgbà. Wọ́n kọjá lọ síbòmíì.

Sùlé ni ìgò gún níbi tí wọ́n ti ń ti ọkọ̀. Títí dòní ló ń tiro díẹ̀. Nígbà tí gbogbo ẹ̀ rọlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ han Bàbá, ó ní, "Bàbá, ẹ wo ohun tẹ́ ẹ fà." Bàbá wò ó.

"Ẹsẹ̀ máa ń jinná," ni wọ́n wí. "Ìtìjú kì í jinná."

Àpò ìrẹsì kan ni àwọn ọ̀gá fi kí Bàbá kú iṣẹ́. Àpò náà la bá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Bàbá kì í sọ ìtàn ogun fún ìgbádùn. Tí ọmọ kan bá sọ pé ẹ̀rù ń ba òun ni wọ́n máa ń sọ ọ́, wọ́n á sì sọ ọ́ bí ẹni ń fún ọmọ ní àgbo, pé kó gbé e mì kó má pọ̀ ọ́.

Afárá kan ni wọ́n ń ṣọ́, lápá ìlà-oòrùn. Bí wọ́n bá pàdánù ẹ̀, gbogbo àwọn sójà tó wà níwájú máa há. Ọ̀gá wọn, ọ̀fíísà kan tí bàtà ẹ̀ máa ń dán, wọ jíìpù láàárọ̀, ó ní òun ń lọ wá ìrànlọ́wọ́. Eruku jíìpù náà rọlẹ̀, kò padà mọ́. Bàbá, tó jẹ́ sájẹ́ǹtì, ló di ọ̀gá. Kò pẹ́ tí ọta àgbá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lé wọn lórí láti òdìkejì odò.

"Mo wo àwọn ọmọ mi," Bàbá máa ń sọ. "Kò sẹ́ni tó ń wo iwájú. Ojú wọn ti sá lọ, ẹsẹ̀ ló kù."

Oko tí iná ti jó ló wà lẹ́yìn wọn, kùkùté tó mú bí ọ̀kọ̀, ẹ̀gún, àti irin ọkọ̀ tó ti fọ́ káàkiri. Bàbá jókòó nínú kòtò, wọ́n tú bàtà ẹsẹ̀ wọn, wọ́n so okùn méjèèjì pọ̀. Wọ́n dìde dúró níbi tí ọ̀tá ti ń rí wọn, wọ́n jù ú sódò. Wọ́n wá ní, "Ẹ mú tiyín wá."

Kò sẹ́ni tó mira. Àfi Ràímì. Agbo ilé kan náà ni òun àti Bàbá ti wá l'Ógbómọ̀ṣọ́, wọ́n jọ lu àgbálùmọ̀ lórí igi, wọ́n jọ wọṣẹ́ ológun. Ràímì bọ́ bàtà, ó gbé e fún Bàbá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Làsísì, ìwọ lo máa ṣàlàyé fún ìyá mi o." Nígbà tí àwọn yòókù rí i pé ọ̀rẹ́ Bàbá ti gbé tiẹ̀ sílẹ̀, wọ́n gbé tiwọn sílẹ̀. Gbogbo bàtà náà wọ odò lọ.

Wọ́n dúró. Bàbá ń fàyà wọ́ láti kòtò dé kòtò, wọ́n ń pín ọta, wọ́n ń pín omi. Tí wọ́n bá rí ẹni tó ń gbọ̀n, wọ́n á dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n á máa bi í pé irú ọbẹ̀ wo ni ìyá ẹ̀ máa ń sè, títí ọwọ́ ẹ̀ á fi balẹ̀ lórí ìbọn. Ọ̀kan nínú wọn ò lè fara dà á mọ́. Ó bẹ́ jáde, ó sáré gba ẹ̀yìn. Kùkùté gún un lẹ́sẹ̀, ó ṣubú, ìbọn sì bá a níbẹ̀. Kò kú bọ̀rọ̀. Ó ń ké pe ìyá ẹ̀. Àwọn méjì dìde pé àwọn fẹ́ lọ gbé e, Bàbá na ìbọn sí wọn.

"Ẹ fetí sí i dáadáa," ni Bàbá sọ fún wọn. "Bí ó ṣe máa ń rí nìyẹn."

Afárá ò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìrànlọ́wọ́ dé nígbà tó yá, àwọn ọ̀gá ńlá bọ Bàbá lọ́wọ́, wọ́n sì ní kí àwọn tó kù máa tẹ̀ síwájú. Bàtà ò dé. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi gba ọ̀nà òkúta, tí wọ́n fi la ẹrẹ̀ kọjá. Ẹsẹ̀ Ràímì là, ó kẹ̀. Ó fi aṣọ dì í, ó fi pamọ́ fún Bàbá, kó má baà dà bíi pé ó ń dá ọ̀rẹ́ ẹ̀ lẹ́bi lójú àwọn yòókù. Nígbà tí Bàbá rí i, wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ máa ń jinná. Gbéra." Ràímì gbéra.

Ibẹ̀ ni Bàbá máa ń bá ìtàn náà dé. Ìyá Mùnírù ló sọ èyí tó kù fún mi: ní ọsibítù, wọ́n gé ẹsẹ̀ Ràímì, ibẹ̀ ló sì kú sí.

Àwáwù lorúkọ Ìyá Mùnírù. Àbúrò Ràímì ni wọ́n, ọmọ ìyá kan náà. Ilé búrẹ́dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin l'Ágége ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí eyín wọn fi ká. Wọ́n ń fi ọ̀rá wé búrẹ́dì, òórùn ìwúkàrà ò kúrò lára wọn. Lẹ́yìn ogun ni wọ́n kọ́kọ́ wá bá Bàbá. Ìyá mi, ọmọdé nígbà náà, wà níbẹ̀, wọ́n rí gbogbo ẹ̀.

"Bùrọ̀dá Làsísì," Ìyá Mùnírù wí, "ẹ̀yin lẹ gba bàtà lẹ́sẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní kí n forí jì yín. Màá forí jì yín, ìyá mi náà á sì lè sùn."

Bàbá ní, "Iṣẹ́ ni mo ṣe, Àwáwù."

"Mi ò sọ pé kì í ṣe iṣẹ́. Ẹ ṣáà sọ ọ́."

"N ò ní sọ ọ́."

Ìyá Mùnírù dìde pẹ̀lú ìbínú. Bàbá dìde, wọ́n lọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n mú sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì Ìyá Mùnírù, awọ aláwọ̀ ilẹ̀ tó ní ìdè lára, wọ́n fi há abíyá, wọ́n ní kí wọ́n padà wá jókòó kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ìyá mi ní àwọn rò pé ilé máa wó lọ́jọ́ náà. Kò wó. Ìyá Mùnírù wo Bàbá, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú èyí tó kù dání, wọ́n fi ẹsẹ̀ lásán bọ́ sórí ọ̀dà tí oòrùn ti yan, wọ́n rìn lọ sílé.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ ìtùnú ààwẹ̀ ni wọ́n máa ń wá, wọn ò sì jẹ́ wọ bàtà wá mọ́. Wọ́n á múra dáadáa, léèsì, gèlè, tìróò, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ lásán. Láti ẹ̀gbẹ́ ojú irin títí dé ilé wa, gbogbo ayé ń wò wọ́n. Wọn ò ní wọlé, wọn ò ní mu omi. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa dúró sí.

"Ṣé ẹ ti ṣe tán, Bùrọ̀dá Làsísì?"

"N ò tíì ṣe tán, Àwáwù."

"Ó dáa. Ó dọdún tó ń bọ̀."

Bí a ṣe dàgbà bá a nìyẹn. A ó jẹ ìrẹsì, a ó jẹ adìyẹ, Ìyá Mùnírù á wá, wọ́n á lọ, Bàbá ò sì ní fọwọ́ kan oúnjẹ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ọdún kan tí oòrùn mú kọjá bó ṣe yẹ, Bàbá fúnra wọn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Wọ bàtà, Àwáwù. Ilẹ̀ gbóná."

Ìyá Mùnírù rẹ́rìn-ín músẹ́. "Tí n bá wọ̀ ọ́, Bùrọ̀dá mi, ẹ tún máa gbà á."

Ní tèmi, n ò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ ni tàbí kí n ṣépè. Yàrá àti pálọ̀ kan lèmi àti Wàsíù, ọkọ mi, ń gbé n'Ífàkọ̀. Fóònù ni Wàsíù ń tún ṣe ní Computer Village, àárọ̀ ló ń jáde, ó dìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Nígbà tí mo bí Fáwàsì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wá bá wa ṣe ìkómọ, kò lọ mọ́. Ó gba yàrá, èmi àti ọmọ ń sùn ní pálọ̀. Ó ní wàrà mi ò dáa, ó ní ọbẹ̀ mi ò dáa. Lọ́jọ́ kan, Wàsíù ti lọ síbi iṣẹ́, ó gbé báàgì mi síta, ó ní, "Lọ sinmi nílé yín ná." Mo pọn ọmọ, mo gba ọ̀dọ̀ Bàbá lọ.

N ò tíì rojọ́ tán tí Bàbá fi dìde lọ sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n mú sílípáàsì mi. Inú mi dùn, kí n má purọ́. Mo rò pé wọn ò fẹ́ kí n padà síbẹ̀ ni.

"Ó yá, padà," ni wọ́n wí.

"Bàbá, ẹ ti gba bàtà mi."

"Mo mọ̀. Èyí tó kù á gbé ẹ débẹ̀. Kò ní lè gbé ẹ padà wá."

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló lé mi, Bàbá."

"Ṣé ó jù ẹ́ lọ ni? Ibi tí wọ́n fi ẹ́ sí nìyẹn. Ta ló ní kó o kúrò níbẹ̀ kó tó kúrò?"

Mo wọ sílípáàsì ẹsẹ̀ kan rìn lọ s'Ífàkọ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Oníkẹ̀kẹ́ kan yọrí, ó ní, "Mọ́mì, ìkejì ńkọ́? Ṣé ó ń bọ̀ lẹ́yìn ni?" Ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde lẹ́sẹ̀ mi kí n tó délé. Mo wọ yàrá, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo fún ọmọ lọ́mú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bú mi, ó bú ìyá mi, ó ju ìrọ̀rí lù mí, n ò dìde. Ìtọ̀ gbọ̀n mí, n ò dìde. Nígbà tí Wàsíù wọlé, tó rí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀, tó rí báàgì mi níta, ó la ẹnu fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, "Àǹtí, ó yá, ẹ máa lọ sílé."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ ròyìn fún Bàbá. Mo fẹ́ kí wọ́n yìn mí. Mo ti ń rò ó lọ́nà pé wọ́n máa pè mí ní sójà. Bàbá gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán, wọn ò sọ pé kú iṣẹ́. Wọ́n fa àpótí wọn sún mọ́ mi.

"Gbé ẹsẹ̀ wá," ni wọ́n wí.

Àìsàn dá Bàbá dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ààwẹ̀ ti ń parí lọ, gbogbo wa sì mọ̀ pé ìtùnú tó ń bọ̀ ni Bàbá máa rí gbẹ̀yìn. Mo gbé Fáwàsì lé ìyá mi lọ́wọ́, mo jókòó ti Bàbá, mo bẹ̀ wọ́n.

"Bàbá, ẹ sọ ọ́ fún Ìyá Mùnírù. Ẹnu lásán ni. Ìyá yẹn ti darúgbó, wọ́n ṣì ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn."

Bàbá ṣíjú wò mí.

"Tí mo bá ní kó forí jì mí," ni wọ́n wí, "a jẹ́ pé ohun tí mo ṣe ò dáa. Tí kò bá dáa, àwọn ọmọ tó kú síbi afárá yẹn, kí ni mo ní kí wọ́n kú fún?"

"Ràímì ńkọ́, Bàbá?"

Wọ́n kọjú sí ògiri. "Ràímì ló kọ́kọ́ bọ́ tiẹ̀."

Ọjọ́ ìtùnú pé, Ìyá Mùnírù dé. Egungun ẹsẹ̀ wọn ti yọ, awọ ibẹ̀ ti dà bí èèpo igi. A sọ fún wọn pé Bàbá ò lè dìde. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti bí mi, Ìyá Mùnírù gbé ẹsẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà wa. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àpò bàtà náà sì wà nísàlẹ̀ ẹ̀ gangan, àmọ́ a ò mọ̀ nígbà yẹn.

"Ṣé ẹ ti ṣe tán, Bùrọ̀dá Làsísì?"

Bàbá ò wo ojú wọn. Ẹsẹ̀ wọn ni Bàbá ń wò, wọ́n wò ó pẹ́. Mo rí i tí ẹnu wọn ń mira. Ìyá Mùnírù náà rí i. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé etí sún mọ́ ọn bí ẹni fẹ́ gbọ́ àṣírí. Wọ́n ní, "Ẹ wí i. Mò ń gbọ́ yín."

"Tí mo bá tún débẹ̀," Bàbá wí, ahọ́n wọn wúwo, "màá tún gbà á."

Ìyá Mùnírù nàró díẹ̀díẹ̀. Wọn ò sọ pé ó dọdún tó ń bọ̀.

"Mo gbọ́," ni wọ́n wí, wọ́n sì jáde.

Kò pẹ́ sígbà náà tí Bàbá kú. A gbé wọn síta fún ìrun jànásà, èrò kún iwájú ilé. Lèmọ́mù bẹ èrò bí wọ́n ṣe máa ń bẹ̀ wọ́n, pé ẹnikẹ́ni tí olóògbé bá ṣẹ̀, kó forí jì í nítorí Ọlọ́hun. Gbogbo èèyàn ní àwọn ti forí jì í. Ohùn Sùlé ló rinlẹ̀ jù. Ìyá Mùnírù dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láàárín àwọn obìnrin, ẹsẹ̀ wọn wà lórí ilẹ̀ gbígbóná, ẹnu wọn wà ní pípadé. Ọmọ àdúgbò ni Lèmọ́mù, ó mọ ọ̀rọ̀ náà. Ó dúró, ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, ó ń wo ibi tí wọ́n wà. Ọkàn mi ń bẹ̀ wọ́n. Bọ̀dá Ganíù ti ń sunkún.

"Ẹ máa gbé wọn lọ," Ìyá Mùnírù wí. "Oòrùn ti ń mú."

Lọ́jọ́ fídáù ọjọ́ kẹjọ, a gbé àpò náà síta pé kí oníkálukú wá mú tiẹ̀. Ó di ẹ̀rín. Sùlé wọ bàtà tirẹ̀, ó ń tiro kiri, ó ní Bàbá ti san owó ìfẹ̀yìntì òun. Obìnrin kan gbé bàtà onígìgísẹ̀ gíga dání, ó ń fi sín ìyàwó Bọ̀dá Ganíù jẹ. Inú ariwo yẹn la wà tí Ìyá Mùnírù fi dé, pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ti ya tiwọn sọ́tọ̀. Mo ti nu eruku ara ẹ̀, mo ti fi òrí pa awọ ẹ̀ kó lè rọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo gbé e fún wọn.

Ohun kan ti ń jẹ mí lẹ́nu láti ọjọ́ tí a ti tú àpò, mo sì sọ ọ́. Mo ní, "Ìyá, níbi afárá, bàtà méjèèjì ni Bàbá gbà, wọ́n sì dà á sódò. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà délé, ẹsẹ̀ kan ni wọ́n ń gbà, wọn ò sì sọ ọ̀kankan nù. Gbogbo ẹ̀ ni wọ́n tọ́jú sábẹ́ ibi tí wọ́n ń sùn. Ó dà bíi pé ohun tí ẹnu wọn ò lè sọ nìyẹn."

Ìyá Mùnírù gba sálúbàtà náà, wọ́n yí i padà, wọ́n wo ìsàlẹ̀ ẹ̀. Ìka wọn ń kọjá lórí ìdè ara ẹ̀. Mo rò pé mo ti rí i ṣe. Mo rò pé ohun tí Bàbá ò lè ṣe láyé, mo ti bá wọn ṣe é.

"Ẹsẹ̀ méjèèjì ni wọ́n gé fún Ràímì, Rìsì," ni wọ́n wí, ohùn wọn tutù.

Wọ́n fi sálúbàtà náà lélẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ibi tí Bàbá ti mú un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Mo ní kí wọ́n mú un lọ, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n lọ fi kún ìkejì tó wà lọ́wọ́ wọn nílé, kí wọ́n má rìn lórí ilẹ̀ gbígbóná mọ́.

"Ìkejì wo?" Wọ́n ti kọjá ẹnu ọ̀nà, wọ́n bojú wẹ̀yìn. "Lọ́jọ́ tí Bùrọ̀dá Làsísì gba èyí ni mo ti ju ìkejì sínú ààrò búrẹ́dì. Mi ò fẹ́ kó wù mí láti padà wá bẹ̀ wọ́n."